Gọ́tà ló ń gbé wa dé ọsibítù

Lẹ́yìn òjò ńlá kan tó rọ̀ mọ́jú ní àdúgbò wa ní Agége, mo bá ọkùnrin kan nínú gọ́tà iwájú ilé. Omi dúdú mù ún dé orúnkún. Ó wọ bàtà rọ́bà, ó fi aṣọ di imú, réèkì onírin sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúró wò ó. Abọ́ tékàwéè funfun ló kọ́kọ́ fà jáde, mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n há mọ́ra wọn. Ọ̀rá pure water tẹ̀lé e, wọn ò lóǹkà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń di ẹran lọ́jà, páńpàs ọmọdé, àti sálúbàtà ẹyọ kan. Nígbà tó fa ìdì kan báyìí jáde lẹ́nu páìpù tó gba abẹ́ títì kọjá, omi tó ti dúró gbagidi láti òru ya lọ gbùrù.

Ìyá oníkókó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ò ní tibi iṣẹ́ yìí ṣàìsàn."

Ó dáhùn pé, "Àmín, màmá. Ẹ ṣáà bá mi bá àwọn oníbàárà yín sọ̀rọ̀."

Ó kó gbogbo ẹ̀ jọ sétí gọ́tà, òkìtì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọmọ ọdún mẹ́ta ní gíga, ó sì bọ́ síwájú. Ẹ jẹ́ kí òkìtì yẹn wà níbẹ̀ ná. Mo ṣì ń padà bọ̀ sórí ẹ̀.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ látinú gọ́tà ni pé láti ìgbà tí òfin ike, ìyẹn òfin tó de abọ́ funfun àtàwọn ike àlòsọnù kan, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, bí ọ̀rọ̀ abọ́ oúnjẹ lásán ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń sọ ọ́. Àwọn kan ní ìjọba fẹ́ fi pa olóúnjẹ lẹ́kún ni, àwọn mìíràn ní ó ti pẹ́ jù. Èmi rí i bí ọ̀rọ̀ ìlera, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ibi tó ti wá, àti ibi tí okùn rẹ̀ ti já.

Nígbà tí Babájídé Sanwó-Olú gorí àga gómìnà ní 29 oṣù karùn-ún ọdún 2019, ètò tó gbé wá ní lẹ́tà mẹ́fà tí wọ́n kó jọ di THEMES. Lẹ́tà kejì, ìyẹn H, ló dúró fún ìlera àti àyíká pa pọ̀. Kò pín wọn sí méjì. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ètò náà, èyí ló wù mí jù, torí ó gbà lórí ìwé pé ohun tó ń ṣàn lẹ́yìn ilé wa àti ohun tó ń gbé wa lọ sí ọsibítù kò yàtọ̀ síra. Àmọ́ tí a bá dé Alausa, ibùjókòó ìjọba Èkó, ilé iṣẹ́ méjì ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Abáyọ̀mí ló ń ṣe kọmíṣánnà ètò ìlera. Tòkunbọ̀ Wahab, agbẹjọ́rò ọmọ Ẹ̀pẹ́, ló wà nídìí ọ̀rọ̀ àyíká àti omi láti ọdún 2023. Wahab yìí ni orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo olóúnjẹ báyìí.

Ọjọ́ Àìkú, 21 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ló kéde lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ìjọba ti fòfin de abọ́ funfun yẹn. Àwọn tó ń ṣe é àtàwọn tó ń tà á lọ́pọ̀ figbe ta, ìjọba sì fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n fi ta èyí tó wà nílẹ̀ tán. Àwọn ike àlòsọnù tó kù rí àyè tó gùn ju ìyẹn lọ, títí di 1 oṣù keje ọdún 2025. Láti ọjọ́ náà, ohun tó di èèwọ̀ ni ife àti abọ́ funfun, ife oníke àlòsọnù, sítíróò, ṣíbí àti fọ́ọ̀kì oníke, àti ọ̀rá tí kò nípọn tó máíkírọ́ọ̀nù 40. Bí a bá pín mìlímítà kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, ìpín kan níbẹ̀ ni máíkírọ́ọ̀nù kan. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí aláta fi ń di ata fún wa, èyí tó máa ya ká tó délé, òun ni wọ́n ń bá wí.

Kí ni abọ́ funfun yẹn ṣe tí wọ́n fi kọ́kọ́ dojú ìjà kọ ọ́? Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Torí náà ó fúyẹ́, ó ń léfòó, omi lè gbé e láti Ìyànà Ìpájà dé ọ̀sà. Kì í jẹrà. Ó máa ń rún wẹ́wẹ́ ni, ẹja á sì máa gbé e mì. Ìṣòro tó tún le ju ìyẹn lọ ni pé kò lówó lórí. Àwọn tó ń ṣa ike kiri àdúgbò àti lórí ààtàn Olúsosùn ní Ọjọ́tà mọ iye tí wọ́n ń ra ike omi, agolo àti páálí. Kò sí ẹni tó ń ra abọ́ funfun lọ́wọ́ wọn, torí àpò ńlá kan tó kún fún un kò wúwo tó nǹkan. Ohun tí aláṣàá bá fò dá, gọ́tà ló ń bọ́ sí.

Ọ̀rá pure water àti ike omi kò sí nínú ohun tí wọ́n fòfin dè. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ní ojúsàájú ni, pé ilé iṣẹ́ ńláńlá ni wọ́n ń dáàbò bò. Ẹ̀dùn ọkàn wọn yé mi, torí nínú òkìtì àdúgbò wa, ọ̀rá pure water ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba pure water lọ́wọ́ ará Èkó, nígbà tí omi ẹ̀rọ kì í yọ? Ilé iṣẹ́ omi Adíyàn Kejì, tó yẹ kó máa fún wa ní gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 70 lójúmọ́, ọdún 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ò tíì parí. Ìjọba ní àwọn tó ń ṣe pure water ni yóò máa dá sí owó tí a ó fi kó ọ̀rá rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ohun tí èmi gbà gbọ́ ni pé kọmíṣánnà tó ń fòfin de ike yìí náà ni ọ̀rọ̀ omi wà lábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tí omi mímọ́ bá sì ń yọ nílé wa ni ọ̀rá pure water máa dín kù láìsí pé ẹnikẹ́ni mú ẹnikẹ́ni.

Olóúnjẹ ńkọ́? Ìyá kan tí mo máa ń ra ìrẹsì ọ̀fadà lọ́wọ́ rẹ̀ ti padà sí ewé eéran. Ó ní nígbà òjò ewé pọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò fojú òun rí màbo. Ó wá dá ọgbọ́n kan: ẹni tó bá gbé abọ́ wá láti ilé, ó máa ń fi ṣíbí ọbẹ̀ kan ṣe ènì fún un. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ní kúlà tiwọn báyìí, wọ́n kọ orúkọ sí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo olóúnjẹ ló rí ewé rà, abọ́ páálí sì wọ́n ju abọ́ funfun lọ. Rùwáńdà ti fòfin de ọ̀rá láti ọdún 2008, Kẹ́ńyà ṣe tirẹ̀ ní 2017, kò sì sí èyí tó rọrùn fún aláta níbẹ̀. Tí ìjọba bá fẹ́ kó dúró, àfi kó rí sí i pé ohun tí a ó fi rọ́pò rẹ̀ wà lọ́jà ní iye tí ọwọ́ ìyá oníresì tó.

Ẹ wá jẹ́ ká tẹ̀lé omi náà dé ọsibítù.

A máa ń sọ pé gọ́tà ìdọ̀tí ló ń fa ibà. Ọ̀rọ̀ náà ní àlàyé díẹ̀. Ẹ̀fọn tó ń kó ibà ran èèyàn kò fẹ́ràn omi dúdú tó ń rùn. Omi tó dúró tó sì mọ́ díẹ̀ ló ń yé sí, irú omi òjò tó dúró sójú ọ̀nà tó jin kòtò. Àwọn tó wà nínú gọ́tà dúdú yẹn máa ń jẹ wá lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yà ẹ̀fọn mìíràn ni. Irú kẹta tún wà tó ń gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kiri, ohun kékeré tó bá gba omi ló fẹ́: agolo, táyà, ife oníke, abọ́ tékàwéè tí ẹnì kan jù sẹ́yìn ilé. Èyí túmọ̀ sí pé a lè kó gọ́tà tán kí àrùn ṣì wà lẹ́yìnkùlé, tí ẹnikẹ́ni kò bá wọnú ọgbà lọ wò ó.

Èyí tí gọ́tà ń fà gan-an, láìsí àníàní, ni onígbáméjì. Nígbà tí gọ́tà bá dí, tí omi ò rí ibi gbà, yóò wọ àgbàlá. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó, ṣaláńgá àti kànga kò jìnnà síra, nígbà mìíràn ògiri kan ló pín wọn. Àgbàrá á gba inú ṣaláńgá kọjá, á sì bọ́ sínú kànga. Kòkòrò onígbáméjì kò ju kó dé inú omi tí wọ́n fi fọ ife tàbí tí wọ́n fi po kúnnú. Ẹni tó bá mu ún lè máa yàgbẹ́ bí omi ìrẹsì láàárín wákàtí díẹ̀, kí ojú rẹ̀ sì ti jin kó tó di alẹ́. Ohun tó ń pa á kì í ṣe kòkòrò náà gan-an, gbígbẹ ara ni. Ìdí nìyẹn tí omi oníyọ̀ àti ṣúgà fi ń gba ẹ̀mí là kí a tó dé ọsibítù: omi tó mọ́ lítà kan, ṣíbí tíì 6 ṣúgà tí orí rẹ̀ tẹ́, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri ilé ìdáná.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ìjọba Èkó kéde onígbáméjì, Etí-Ọ̀sà, Erékùṣù Èkó, Ìkòròdú àti Kòṣọ́fẹ́ ló sì kọ́kọ́ lágbára sí jù. Kí oṣù náà tó parí, ó ti pa ju èèyàn 20 lọ. Lára ohun tí ìjọba tọ́ka sí ni kúnnú ọ̀fíò inú ike tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Ó yẹ kí wọ́n wádìí ẹ̀, wọ́n sì ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: omi wo ni ẹni tó po kúnnú náà lò? Níbo ló ti pọn ọ́n? Ta ló wọlé ibẹ̀ rí kí àìsàn tó bẹ́ sílẹ̀?

Ìbéèrè yẹn ló mú mi rántí wolé-wolé.

Àwọn àgbà tó ń ka èyí mọ̀ wọ́n. Aṣọ kakí, fìlà, ìwé lọ́wọ́. Tí wọ́n bá wọ àdúgbò, àwọn ìyá á ti máa gbálẹ̀ láti òpin títì kejì. Wọ́n á ṣí àmù wò, tí tanwíjí bá wà nínú omi, ó di ẹjọ́. Wọ́n á wo ilé ìdáná, wọ́n á wo ṣaláńgá, wọ́n á bi ẹni tó ń ta ẹran ibi tó ti pa á. Àwọn èèyàn bẹ̀rù wọn, àwọn kan nínú wọn sì gba rìbá. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lágbára. Nígbà tí àrùn eku kọlu Èkó láàárín ọdún 1924 sí 1930, inú ilé ni wọ́n ti bá a jà, pẹ̀lú eku pípa àti ilé títúnṣe. Dókítà Isaac Ládipọ̀ Olúwọlé, tó di ọmọ adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí ìlera ìlú Èkó ní 1936, ló dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábàá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn wolé-wolé níṣẹ́. Lójú dókítà yẹn, ẹni tó ń yẹ àmù wò àti ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Láti 1984, nígbà ìjọba ológun, a tún ní Sátidé ìmọ́tótó. Ọjọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, mọ́tò ò gbọdọ̀ rìn, oníkálukú á kó gọ́tà iwájú ilé rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dájọ́ pé ìjọba Èkó kò ní òfin kankan tó fi lè sé aráàlú mọ́lé lọ́jọ́ náà. Gómìnà Akínwùnmí Ambọ̀dé fagi lé e lóṣù yẹn gan-an. Ilé ẹjọ́ ṣe ohun tó tọ́, torí ẹ̀tọ́ èèyàn láti rìn kì í ṣe ohun tí a lè fi ìkéde gbà. Ohun tó dùn mí ni pé a mú ọjọ́ náà kúrò, a ò fi nǹkan kan dí àlàfo rẹ̀. Àwọn LAGESC, ẹ̀ṣọ́ ìmọ́tótó ìjọba Èkó tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní Kàì, wà lójú títì, wọ́n ń mú ẹni tó da ìdọ̀tí síbi tí kò yẹ. Wọn kì í wọ àgbàlá. Wọn kì í ṣí àmù.

Ta wá ni iṣẹ́ yẹn tọ́ sí? Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 dáhùn tipẹ́tipẹ́. Nínú àfikún kẹrin rẹ̀, kíkó ìdọ̀tí, ilé ìyàgbẹ́ gbogboogbò àti omi ẹ̀gbin wà lára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nínú àfikún kan náà, ó ní ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ nínú ètò ìlera. Ẹ wò ó: ohun méjì tí Sanwó-Olú kó sínú lẹ́tà H, òfin ti kó wọn sọ́wọ́ alága káńsù ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Èkó, LAWMA, àjọ ìdọ̀tí tìpínlẹ̀, àti àwọn PSP, ìyẹn àwọn aládàáni onímọ́tò ìdọ̀tí, ló ń kó ìdọ̀tí, ilé iṣẹ́ àyíká ló ń kó gọ́tà ńlá, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ ló ń darí àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé. Káńsù wà láàárín, ọ̀pọ̀ ará àdúgbò kò sì lè sọ ohun tó ń ṣe ju owó ọjà tó ń gbà lọ.

Àyè wà láti yí èyí padà. Ní 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Àbújá dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ní 12 oṣù keje ọdún 2025, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí òfin ike bẹ̀rẹ̀, a dìbò yan alága sí ìjọba ìbílẹ̀ 20 àti LCDA 37, ìyẹn àwọn káńsù tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, tó wà ní Èkó. Èèyàn 57 ló jókòó sórí àga wọ̀nyẹn. Nígbà ìpolongo ìbò, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ títì, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ iná òpópónà, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n fẹ́ fún àwọn obìnrin. Mi ò gbọ́ kí ẹnì kan sọ iye wolé-wolé tí yóò gbà síṣẹ́.

Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé ìjọba ò ṣe nǹkan kan níbi ètò ìlera. Wọ́n ń kọ́ ọsibítù. Wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ, wọ́n wó ọsibítù àwọn ọmọdé ní Massey láti tún un kọ́. Ní oṣù keje ọdún 2024, gómìnà fọwọ́ sí àṣẹ pé kí gbogbo ará Èkó ní adójútòfò ìlera. Ìlera Èkó ni wọ́n ń pe ètò náà, òfin rẹ̀ sì ti wà láti 2015. Ó dára. Ẹni tó ní káàdì yẹn, tí àìsàn dé bá lóru, kò ní máa wá ẹni tí yóò yá a lówó kí nọ́ọ̀sì tó dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n owó tí a jọ dá sínú àpò náà, àpò kan ni. Gbogbo ọmọ tí a bá fa omi sí lára torí onígbáméjì, gbogbo ibà tí a bá tọ́jú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún fún ẹnì kan, inú rẹ̀ ló ń jáde. Bí gọ́tà bá ṣe ń dí sí i, bẹ́ẹ̀ ni àpò náà yóò ṣe máa jò.

Mo sọ pé mo máa padà sórí òkìtì etí gọ́tà wa. Ọkùnrin yẹn ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Iṣẹ́ àwọn tirẹ̀ ni pé kí wọ́n kó o jáde. Mọ́tò tí yóò gbé e lọ, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló wà. Mọ́tò ò dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. PSP tó ń kó ti ilé wa kọjá ní Ọjọ́rú, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wò ó, wọ́n ní ìdọ̀tí gọ́tà kì í ṣe ti àwọn, ti ilé ni wọ́n gba owó lé lórí. Ní Ọjọ́bọ̀, adìẹ ti tú u ká. Mo lọ sí káńsù, wọ́n gbà mí tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni òjò tún rọ̀, ó sì lágbára.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́, kò sí òkìtì kankan létí gọ́tà mọ́. Abọ́ funfun mẹ́ta ti há padà sẹ́nu páìpù, omi dúró lẹ́yìn wọn, ó ti ń wọ àgbàlá ilé kejì. Ilé yẹn ní kànga, ìyá oníkókó níbẹ̀ ló sì ti máa ń pọn omi.

Èmi àti ọmọ onílé kejì ló bọ́ sínú gọ́tà láàárọ̀ ọjọ́ náà. A da ohun tí a kó jáde sínú àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin, a gbé e lọ sí ojú ọ̀nà tí PSP máa ń gbà. Lẹ́yìn náà mo kọ lẹ́tà kejì sí káńsù. Ohun méjì péré ni mo béèrè nínú rẹ̀: orúkọ òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó wà fún wọ́ọ̀dù wa, àti ọjọ́ tí yóò wá yẹ kànga ilé kejì wò.